Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀dá-Ìtàn Tó Ní Iṣẹ́ Lọ́wọ́ fún Dungeons & Dragons

Eré ìtàn tí a ń fẹnu ṣe nídìí tábìlì ni Dungeons & Dragons: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn kan, adarí eré ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dáìsì sì ń pinnu bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yọrí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sídìí tábìlì Dungeons & Dragons sábà máa ń gbé ẹ̀dá-ìtàn tó ti parí wá. Ó ti pa dírágónì rí, wọ́n ti pa ìyá àti bàbá rẹ̀, ó ti búra pé òun kò ní rẹ́rìn-ín mọ́ láyé, ìtàn rẹ̀ sì ti kún ojú ìwé mẹ́fà. Adarí eré wá béèrè pé, “Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ìlú. Kí lo fẹ́ ṣe?” Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ohun tó wúwo nínú ayé ẹ̀dá náà ti ṣẹlẹ̀ tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò wá sí èyí tó kù fún un láti fọwọ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀dá-ìtàn tó dára ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ náà hàn nínú àwọn iye orí ìwé tí a kọ agbára rẹ̀ sí, ọ̀ràn kan sì wà nílẹ̀ tí kò tíì yanjú. Bí a ṣe ń dá irú rẹ̀ la fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ síbí. Ẹ̀dá kan náà, Àbẹ̀ní oníbodè, la ó máa mú rìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó nílò

Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ẹ̀dà karùn-ún òfin rẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Òfin 2014 la tẹ̀ lé níbí, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, tí wọ́n fi sábẹ́ àṣẹ Creative Commons ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kò di dandan kí ẹ náwó kí ẹ tó dá ẹ̀dá-ìtàn.

Ẹ wá bírò, ìwé méjì tàbí mẹ́ta, àti dáìsì olójú 4, 6, 8, 10, 12 àti 20. Dáìsì lúdò ni olójú 6, ìyẹn kò ṣòro. Bí ẹ kò bá rí olójú 20 rà, ẹ kọ “roll d20” sínú Google lórí fóònù, yóò yí i fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi adarí eré léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú bírò

Ìbéèrè mẹ́rin ni. Ìpele wo, ìyẹn bí agbára ẹ̀dá-ìtàn ṣe ga tó, la ti máa bẹ̀rẹ̀? Irú ilẹ̀ wo ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀? Kí ni àwọn yòókù fẹ́ jẹ́? Kí ni a kò gbọ́dọ̀ gbé wá sórí tábìlì yìí? Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un. Ẹni tó bá fò ó ni yóò gbé atukọ̀ wá sínú aṣálẹ̀, tàbí kó bá ara rẹ̀ láàárín wizard (onídán) mẹ́ta láìsí ẹni kan tó lè dúró gba ọfà.

Ìpele ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ jù. Ní ìpele kìíní, wizard tí Constitution rẹ̀ (ìlera àti ìfaradà) jẹ́ 14 ní hit point 8 péré, ìyẹn iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó ṣubú. Goblin (ẹ̀dá burúkú kékeré kan) tó bá fi idà bà á yóò mú bíi 5 kúrò nínú rẹ̀. Bó bá tún bà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ṣubú. Ẹ wá fi èyí wé “mo ti pa dírágónì rí.” Dírágónì pupa tó ti dàgbà ní hit point 256. Ẹni tí Dexterity rẹ̀ (ìyára ara) jẹ́ 16, tó mú rapier (idà tẹ́ẹ́rẹ́) lọ́wọ́, ń mú nǹkan bíi 7 àti ààbọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Yóò ní láti gún un ní ìgbà 35 láìtàsé. Ìtàn akọni àti ìwé ìpele kìíní kò lè bá ara wọn gbé. Ẹ fi iṣẹ́ akọni sílẹ̀ fún iwájú, kí ẹ mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílé wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbólóhùn kan péré

Ohun mẹ́ta ni kó wà nínú gbólóhùn náà: iṣẹ́ tí ẹ̀dá náà ń ṣe, ohun tó bà jẹ́ tàbí tó kù síbẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún, àti ìdí tí kò fi lè jókòó sílé. Ti Àbẹ̀ní rèé:

*Ọdún 11 ni Àbẹ̀ní fi gba owó ibodè ní ẹnubodè àríwá; lóru ọjọ́ kan ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó jẹ́ kí pósí kan wọlé láìṣí i wò, ó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún un.*

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn yìí ti gbé lé yín lọ́wọ́. Àbẹ̀ní mọ gbogbo ibi tí ènìyàn ń fi ẹrù pamọ́ sí: ìsàlẹ̀ agbọ̀n, abẹ́ ìjókòó ọmọlanke, inú iṣu tí wọ́n gbẹ́ ihò sí. Ó lè wo ojú ẹni tó ń purọ́ kó mọ̀. Ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òun alára kò mọ ohun tó wà nínú pósí náà, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn tiyín fún adarí eré nìyẹn. Àárín ẹni tó ń dá ẹ̀dá-ìtàn àti ẹni tó ń darí eré máa ń gún bí ẹnì kan bá fi pósí sílẹ̀ ní títì, tí ẹnì kejì sì mọ̀ pé òun ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: “Elf ni, inú máa ń tètè bí i, ó sì fẹ́ràn òru.” Ìṣesí lásán nìyẹn. Kò sọ ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Bí ẹ kò bá rí iṣẹ́ tó wù yín, ẹ kúrò níbi idà àti ọ̀kọ̀. Ẹ wo agbẹ̀bí, aláró, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, ẹni tó ń tọ́jú afárá. Ẹ bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun èlò rẹ̀, àṣírí rẹ̀ àti ọ̀tá rẹ̀. Aláró, fún àpẹẹrẹ: ìkòkò aró ni ohun èlò, bí a ṣe ń po ewé èlú mọ́ omi eérú tí aró fi ń mú ni àṣírí, ọ̀tá ni ẹni tó ń ta aṣọ tó ń ṣí láti fi ba orúkọ agbo aró wọn jẹ́. Aláró bẹ́ẹ̀ lè wo aṣọ òkú kó sọ ìlú tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Ọ̀wọ́ ìwádìí kan odidi ti wà nínú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni kó yan kíláàsì

Kíláàsì, ìyẹn irú iṣẹ́ ìjà tàbí idán tí ẹ̀dá-ìtàn kọ́, jẹ́ 12 nínú ìwé òfin, láti barbarian títí dé wizard. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn wo orúkọ iṣẹ́, kó sì wá kíláàsì tó jọ ọ́. Oníbodè ń mú ọ̀kọ̀ dání, nítorí náà fighter (jagunjagun) ni. Ẹ dúró ná. Ṣé ọ̀kọ̀ ni Àbẹ̀ní fi jẹun fún ọdún 11? Ojú àti etí ni. Kíláàsì tó ń fún ojú àti etí lágbára jù ní ìpele kìíní ni rogue, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí a sábà máa ń rò pé olè ni: ó ń mú skill (ohun tó kọ́ dájú) mẹ́rin, ó sì ń sọ àfikún ìmọ̀ lórí méjì nínú wọn di ìlọ́po méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní Expertise. Rogue sì lè jẹ́ ẹni tí kò jí abẹ́rẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wò ó. Adarí eré ní kí Àbẹ̀ní wá ìsàlẹ̀ èké nínú àpótí kan, DC 15. Ìyẹn ni pé dáìsì olójú 20 àti àfikún rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 15. Rogue tí Intelligence rẹ̀ (làákàyè) jẹ́ 14, tó ní Expertise nínú Investigation (wíwádìí ohun tó pamọ́), ní +6: ó nílò 9 lórí dáìsì, àǹfààní rẹ̀ sì jẹ́ 60 nínú 100. Ẹni tó ní Intelligence 14 láìkọ́ Investigation ní +2, 40 nínú 100. Fighter tó sọ Intelligence di 8 kó lè ní agbára ara ní -1, 25 nínú 100. Ẹ fojú inú wo oníbodè ọlọ́dún 11 tó wo àpótí mẹ́rin tó sì rí ẹyọ kan péré. Kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó ti dé ẹnubodè rí, ẹni tó ń ṣe é gan-an kò ní gbà.

Mo ka ìgbésẹ̀ yìí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ẹ̀dá yín mọ nǹkan, kí dáìsì lè jẹ́rìí sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín iye náà

Abala mẹ́fà ni: Strength (agbára ara), Dexterity, Constitution, Intelligence, Wisdom (ọgbọ́n àti àkíyèsí) àti Charisma (ìfanimọ́ra). Láti mọ àfikún, ẹ yọ 10 kúrò nínú iye, ẹ dá a sí méjì, ẹ fà á sísàlẹ̀. 14 di +2, 15 náà di +2, 9 di -1. Ẹ kíyè sí i pé 15 kò sàn ju 14 lọ lórí tábìlì.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ mú 15, 14, 13, 12, 10, 8 tí ìwé ti tò sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi póíǹtì 27 rà á: 8 jẹ́ ọ̀fẹ́, 9 jẹ́ 1, 10 jẹ́ 2, 11 jẹ́ 3, 12 jẹ́ 4, 13 jẹ́ 5, 14 jẹ́ 7, 15 jẹ́ 9. Bí ẹ bá ro iye tí ìwé tò sílẹ̀ pọ̀, 27 náà ni yóò jẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ìkan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìkan náà fún ẹ̀dá tó jẹ́ ènìyàn, tí kì í ṣe elf tàbí ẹ̀yà mìíràn. Nínú òfin 2014, ènìyàn ń gba +1 sórí gbogbo abala. Ẹni tó bá mú 14 yóò di 15, kò jèrè. 12 yóò di 13, kò jèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni 10. Ẹ ra iye tí kò ṣeé pín sí méjì dípò wọn: 15, 13, 13, 13, 11 àti 8. Iye owó wọn jẹ́ 9, 5, 5, 5, 3 àti òfo, 27 gééré. Lẹ́yìn +1, wọ́n á di 16, 14, 14, 14, 12, 9.

Ti Àbẹ̀ní wá lọ báyìí: Dexterity 16, Constitution 14, Intelligence 14, Wisdom 14, Charisma 12, Strength 9. Hit point rẹ̀ jẹ́ 8 ti rogue pẹ̀lú 2 ti Constitution, ìyẹn 10. Ẹ̀wù awọ fún un ní AC 14, ìyẹn iye tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó lè bà á. Ẹ fi Expertise rẹ̀ sórí Investigation àti Insight (mímọ òpùrọ́), méjèèjì á di +6. Perception (àkíyèsí) á jẹ́ +4. Ní ti ibi tó ti wá, òfin 2014 gbà kí ẹ to background fúnra yín: skill méjì tó wù yín, àti ohun èlò tàbí èdè méjì. Ẹ mú Persuasion (ìyínilọ́kànpadà) àti History (ìmọ̀ ìtàn), èdè kan tí àwọn oníṣòwò ń sọ, àti ọgbọ́n ayédèrú ìwé, nítorí pé oníbodè tó ti rí òǹtẹ̀ ẹgbẹ̀rún mọ bí èké ṣe rí.

Bí tábìlì yín bá ń lo òfin 2024, ẹ má lo ìṣirò ènìyàn yìí. Níbẹ̀, background ló ń gbé iye sókè, kì í ṣe ẹ̀yà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pa aṣọ dà, ẹ má pa iye dà

Òfin kan ni: ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́ ni ẹ lè yí padà bó ṣe wù yín. Iye, ọ̀nà jíjìn, irú ọgbẹ́ àti iye ìgbà dúró bí ìwé ṣe kọ ọ́. Ibí ni èdè àti àṣà wa ti lówó lọ́wọ́ jù, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

*Bard tó ń kini.* Bard, akọrin tó ń fi ohùn ṣe idán, ní agbára kan tó ń jẹ́ Bardic Inspiration: ó sọ̀rọ̀ ìwúrí sí ẹlòmíràn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60, ẹni náà gba dáìsì olójú 6 tó lè fi kún ọ̀kan nínú ohun tó bá dáwọ́ lé láàárín ìṣẹ́jú 10. Kí ni a ń pe èyí lọ́dọ̀ wa bí kò ṣe oríkì? Wọ́n ki ẹni, orí ẹni wú, ẹni ṣe ohun tí agbára ẹni kò gbé tẹ́lẹ̀. Bí Charisma bá jẹ́ 16, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ lè ki ènìyàn kí ẹ tó sùn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ oríkì ìlà méjì méjì fún ẹgbẹ́ yín kọ̀ọ̀kan sórí páálí. Fún fighter wa tó ń gbé apata, tó ń jẹ́ Dúró:

*Dúró, ọmọ a-fàyà-ti-lẹ̀kùn,*
*Apata tí òjò ọfà rọ̀ lé tí kò jò.*

Ẹ pè é sókè kí ẹ tó na dáìsì sí i. Ìlà méjì tó. Ẹni tó bá ń ki oríkì ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín ìjà ti gba àsìkò ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà kan kún un láti inú ohun tí ẹni náà ṣe lóòótọ́, kí oríkì máa dàgbà pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Bard yìí kan náà lè fi èébú jà. Vicious Mockery, idán èébú rẹ̀, ń fa ọgbẹ́ 1d4 (dáìsì olójú 4 kan), ó sì ń ba ọwọ́ tí ọ̀tá fẹ́ jù tẹ̀ lé e jẹ́, bí ọ̀tá kò bá yege lórí Wisdom. DC bard wa jẹ́ 13. Wisdom goblin jẹ́ 8, nítorí náà èébú yóò wọ̀ ọ́ lára ní ìgbà 65 nínú 100. Ẹ kọ márùn-ún sílẹ̀. “Orí rẹ rí bí ọ̀dùnkún tí eku jẹ kù!” dára ju kí ẹ kàn sọ pé “mo bú u” lọ.

*Wizard aláàrokò.* Ìwé ni wizard ń kó idán rẹ̀ sí, mẹ́fà ló sì ń mú bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àrokò rọ́pò ìwé: okùn mẹ́fà tí a so owó ẹyọ, iyẹ́ àti kóró èso mọ́. Àwọn àgbà ń fi iye owó ẹyọ sọ̀rọ̀: mẹ́fà jẹ́ ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn ń fà sí ọ, mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé a jọ ara wa. Okùn ẹyọ mẹ́fà á di Charm Person tó ń fa ọkàn ẹni mọ́ra, okùn ẹyọ mẹ́jọ á di Disguise Self tó ń mú ènìyàn jọ ẹlòmíràn. Iyẹ́ ẹyẹ kan fún Feather Fall tó ń jẹ́ kí ẹni tó já bọ́ balẹ̀ jẹ́jẹ́, iyẹ́ sì ni òfin fúnra rẹ̀ ń béèrè fún un. Bó bá fẹ́ kọ́ idán tuntun, owó wúrà 50 àti wákàtí méjì fún ìpele idán kọ̀ọ̀kan ni yóò ná, bíi ti oníwèé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí aláàrokò sọ pé odò kò lè ba owó ẹyọ jẹ́ bó ṣe ń ba ìwé jẹ́. Àǹfààní ti wọlé nìyẹn láìsan owó. Ẹ bá adarí eré fohùn ṣọ̀kan pé òwú okùn ń jẹrà nínú omi, kí ewu ìwé àti ewu okùn dọ́gba.

*Warlock tó jẹ́ ìwọ̀fà.* Ohun tí a sábà máa ń rí ni warlock tó lọ bá ẹ̀mí burúkú fúnra rẹ̀ nítorí agbára. Ẹ yí i: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá owó, òun ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tó bá mọ bí ìwọ̀fà ṣe rí láyé àtijọ́ mọ̀ pé èlé ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń san. Ojú owó dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi kó o sílẹ̀ lódindi. Warlock yìí lè ṣiṣẹ́ fún olúwa rẹ̀ fún ogún ọdún kí gbèsè má dín kọ́bọ̀. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún adarí eré: kí ni wọ́n yá, nítorí kí ni, níbo sì ni ẹ̀gbọ́n wà báyìí? Lórí ìwé, kò sí ohun tó yí padà: Eldritch Blast, idán ìjà rẹ̀, ṣì jẹ́ 1d10, àyè idán kan ṣoṣo ló wà ní ìpele kìíní, ìsinmi wákàtí kan sì ń dá a padà. Ìdí tó fi ń gba àṣẹ ló yàtọ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó ṣeé káàánú.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí a fi sùúrù sọ. Iṣẹ́ ọwọ́, oyè, ohùn ẹnu àti ìdè gbèsè ṣeé mú lò bó bá ṣe wù yín. Òrìṣà yàtọ̀. Àwọn tó ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ògún wà lónìí ní Ọ̀yọ́ àti Òṣogbo, ní Bahia, ní Havana; ẹ̀sìn àwọn ènìyàn tó wà láàyè ni. Kí ẹ má sọ òrìṣà di ẹran ogun tó ní hit point. Àbíkú náà ń bẹ lára ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé ẹni tó sin ọmọ rí lè wà nídìí tábìlì yín láìsọ. Bí ẹnì kan bá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ gbé e tì láìbéèrè ìdí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ so ó mọ́ àwọn yòókù

Ẹ̀dá tó ń dá rìn, tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ló ń ba eré jẹ́ jù. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n nídìí tábìlì, ẹni mẹ́ta yóò máa bẹ ẹnì kan kó tẹ̀ lé wọn, wákàtí kan á sì lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; eré tí a fi ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe ni.

Ẹ wá ìbéèrè kan láti inú iṣẹ́ ẹ̀dá yín tí ẹ lè bi gbogbo ẹgbẹ́. Ti Àbẹ̀ní wà nílẹ̀: “Kí lo gbé gba ẹnubodè mi kọjá rí?” Ẹni tó ń ṣe fighter lè ní òun gbé òkú ọ̀gá òun lọ sílé, Àbẹ̀ní sì kọ̀ láti gba owó. Wizard lè ní òun fi okùn àrokò pamọ́ sínú irun, Àbẹ̀ní rí i, ó dákẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wọn ti mọ ara wọn, ẹnì kan sì ti jẹ ẹnì kejì ní ọpẹ́. Agbẹ̀bí lè béèrè pé, “Ta ni nínú yín ni mo gbẹ̀bí rẹ̀?” Alágbẹ̀dẹ: “Irin ta ni mo ṣe tó ṣẹ́?”

Ìgbésẹ̀ keje: ojú ìwé kan, orúkọ mẹ́ta

Ìtàn àtẹ̀yìnwá kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Adarí eré ní ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún láti kà, kò ní rántí ojú ewé kẹrin yín. Kí orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀: ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀dá yín tó ṣì wà láàyè, ẹni tó ń wá a, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àbẹ̀ní ní àbúrò, Àlàó, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè náà. Ẹni tó fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sọ orúkọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló rí, ìka kan sì ti gé dé àárín. Ìyá Ẹlẹ́pò tó ń kó iyọ̀ sínú kèrègbè epo jẹ ẹ́ ní ojú rere ìgbà mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí i pé Àlàó wà láàyè. Ẹbí tí wọ́n ti pa tán kò lè kọ lẹ́tà, kò lè ṣàìsàn, kò lè bínú pé ẹ kò wá sí ìkómọ. Adarí eré kò rí nǹkan dì mú lára wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun kan fún ọwọ́, ohun kan fún ẹnu

Kò di dandan kí ẹ yí ohùn padà. Ó máa ń rẹni, lẹ́yìn wákàtí méjì ohùn náà á ti sọnù. Ìwà kékeré kan tó bá iṣẹ́ mu ló ń pẹ́. Bí Àbẹ̀ní bá rí ẹrùkẹ́rù, yóò fi ìka ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ lè fi ìka kan tábìlì gan-an. Nígbà tó bá yá, ìró yẹn nìkan ti tó kí gbogbo ilé dákẹ́. Fún ẹnu, gbólóhùn kan tí iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára: “Kí lo dì?” Ó ń sọ ọ́ fún oníṣòwò, ó ń sọ ọ́ fún ọba.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dán an wò nílé

Ẹ mú ìran mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìjà, ọjà, àti ibi ìsinmi lóru. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀dá yín ń ṣe níbẹ̀ sókè. Níbi ìjà, Àbẹ̀ní kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú: goblin ní +4 láti fi kọlù ú, AC Àbẹ̀ní jẹ́ 14, nítorí náà goblin yóò máa bà á ní ìgbà 55 nínú 100, ẹ̀ẹ̀mejì sì tó láti gbé hit point 10 lọ. Ẹ̀gbẹ́ Dúró ni kó wà, nítorí pé Sneak Attack rẹ̀ (ìkọlù àìròtẹ́lẹ̀), 1d6 lé lórí ti rapier, ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọ̀tá. Ní ọjà, ó ń wo ìsàlẹ̀ ẹrù. Lóru, ó ń kọ́ Dúró bí a ṣe ń mọ òǹtẹ̀ èké.

Bí ìran kan bá ṣófo, tí ẹ kò rí nǹkan sọ ju “mo jókòó” lọ, ẹ padà sí gbólóhùn ìgbésẹ̀ kejì. Ibẹ̀ ni àléébù náà sábà máa ń wà. Yíyí kíláàsì padà kì í tún gbólóhùn tí kò ní iṣẹ́ nínú ṣe.

Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta

Ẹ mú ìwé yín jáde, ẹ wo skill tí ẹ kò tíì yí dáìsì fún rárá. Bí adarí eré bá gbà, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Bí History Àbẹ̀ní kò bá wúlò, tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé òun ló máa ń tọ́jú ẹni tó gbọgbẹ́, kó gba Medicine. Ẹ wo àwọn orúkọ mẹ́ta náà: èwo ni adarí eré kò tíì fọwọ́ kàn? Ẹ bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ó lè ti ní èrò tirẹ̀.

Bí pósí bá ti wá ṣí, gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ fa ìlà gba àárín rẹ̀, kí ẹ kọ òmíràn sábẹ́ kí ìpàdé kẹrin tó bẹ̀rẹ̀: *Àbẹ̀ní ti mọ ohun tó gbà wọlé; Àlàó ló wà lẹ́nubodè lálẹ́ yìí, ẹni tí ìka rẹ̀ gé sì ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú pósí kejì.*